Eyín Kì í Sọ Ọjọ́ Orí Fahaka

Kò sí ẹni tó mọ ẹran rà tí yóò ra àgbò Iléyá láìya ẹnu rẹ̀ wò. Bí àgbò bá ti pààrọ̀ eyín iwájú méjì, a mọ̀ pé ó ti lé lọ́dún kan, owó rẹ̀ á sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Àṣà yìí ni àwọn àlejò máa ń gbé wá sí ìdí táǹkì gíláàsì tó wà ní pálọ̀ mi. Wọn kò tíì jókòó tí wọ́n á fi wí pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká rí eyín ẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Eyín rẹ̀ kò ṣòro rí. Mẹ́rin péré ni, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra di àgógó. Ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò pa fún ẹni tó bá fi ka ọjọ́ orí. Fahaka ni ẹja náà, ọ̀kan nínú àwọn ẹja tí ń gbé omi mì tí ikùn wọn fi ń wú rọ̀gọ̀dọ̀. Irú rẹ̀ wà nínú odò Ọya wa níhìn-ín, ó sì wà nínú odò Náílì ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní fahaka. Carl Linnaeus, ará Sweden, ti kọ ọ́ sínú ìwé láti 1758. Ilà aláwọ̀ ìyeyè àti ilà dúdú gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá títí dé ìrù, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Eyín yìí kì í dáwọ́ híhù dúró. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Yunifásítì Sheffield àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fi hàn bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀: eyín tuntun ń hù nísàlẹ̀ èyí tó wà níta, wọ́n ń tò léra wọn, èyí tó wà níta ń jẹ, tìsàlẹ̀ ń gòkè wá gba ipò rẹ̀. Nínú odò, akàn àti ìṣáwùrú ló ń bá a lọ̀ ọ́. Nínú táǹkì, bó bá jẹ́ ẹran rírọ̀ nìkan ni olówó rẹ̀ ń fún un, àgógó á gùn, á gùn, títí ẹnu kò fi ní lè gba nǹkan kan mọ́, ebi á sì pa á níwájú oúnjẹ. Nítorí náà, ọmọdé ẹja lè ní eyín gígùn, arúgbó ẹja sì lè ní eyín tó ṣe kúkúrú rẹ́gí. Ohun tó ń jẹ ni eyín rẹ̀ ń sọ. Bó ṣe pẹ́ láyé tó kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé irú àgógó tó gùn jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ dókítà ẹran ló ṣe é. Ó bu omi táǹkì sínú abọ́, ó po òróró kànáfùrù díẹ̀ pọ̀ mọ́ omi nínú ìgò, ó ń kán an sínú abọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹja kọ́kọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi aṣọ tútù dì í mú, ó fi ohun èlò tí wọ́n fi ń gé èékánná gé orí àgógó náà, "kọ́ṣọ́!", ó fò lu ògiri. Ó gé tìsàlẹ̀, ó dá ẹja padà sínú omi mímọ́, ó ń rọra tì í síwájú kí omi lè máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé títí ó fi jí. Ìṣáwùrú ni mo fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dán an wò láìní ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, nítorí bí òróró yẹn bá pọ̀ jù, oorun àsùn-ùn-jí ni.

Bí eyín kò bá sọ ọjọ́ orí, ibòmíràn la ó ti wá a. Àwọn tó kọ́kọ́ rí ọjọ́ orí ẹja kà, ara òkú ẹja ni wọ́n ti kà á. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ìlú Delft, fi awò tó ṣe fúnra rẹ̀ wo ìpẹ́ ẹja, ó rí ilà tó yí po ara wọn. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Hans Hederström, pásítọ̀ kan ní Sweden. Ó kó eegun ẹ̀yìn ẹja jọ, ó ń ka òrùka tó wà lójú eegun kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1759. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí iṣẹ́ yìí tó gbilẹ̀. Ní 1898, Hoffbauer ní Jámánì fi ìpẹ́ ẹja kápù tí wọ́n mọ ọdún rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọdún kejì rẹ̀, Reibisch ka ilà tó wà lára òkúta kékeré inú etí ẹja.

Ohun tó ń fa ilà náà kò le. Bí òtútù bá dé, ẹja kì í dàgbà púpọ̀, ilà á fún. Bí ooru bá dé, ó ń yára dàgbà, ilà á fẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa tí òtútù kì í mú púpọ̀, ilà náà máa ń ṣòro kà ju ti ilẹ̀ olótùútù lọ. Fahaka tún wá burú sí i: kò ní ìpẹ́, ẹ̀gún wínníwínní ló wà lára rẹ̀. Ó ní eegun ẹ̀yìn, ó ní òkúta inú etí, àmọ́ a ó pa á ká tó rí wọn. Èyí tó sì wà ní pálọ̀ mi, ẹ̀rọ ló ń mú omi rẹ̀ gbóná bákan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Kò mọ ọyẹ́, kò mọ ẹ̀rùn. Kí ni yóò fa ilà sí i léegun?

Eyín ni àwọn àlejò mi ń wò, ṣùgbọ́n ikùn ni gbogbo ayé ti ń wò lára irú ẹja yìí. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ sára ògiri ibojì ìjòyè kan tó ń jẹ́ Ti ní Saqqara, ní Íjíbítì, ó ti lé ní ẹgbàájì ọdún. Nígbà tí Napoleon kó ogun lọ síbẹ̀ ní 1798, Geoffroy Saint-Hilaire wà lára àwọn onímọ̀ tó bá a lọ, ó sì kọ ọ́ pé bí omi Náílì bá fà, àwọn ọmọdé máa ń fi fahaka tó wú ṣeré bíi bọ́ọ̀lù. Ní 1832, ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil, Charles Darwin wo ìbátan fahaka kan, ẹlẹ́gùn-ún inú òkun, bó ṣe ń wú tó ń dojú ikùn sókè lórí omi. Ó kọ ọ́ pé ẹja náà lè buni jẹ gidi.

Láti inú irú ìran wíwò bẹ́ẹ̀ ni àṣà burúkú kan ti wá: oníṣòwò ẹja á gbé e kúrò nínú omi kó lè wú lójú oníbàárà, bí ẹni pé wíwú ni ẹ̀rí ìlera. Ìbẹ̀rù ló ń mú un wú. Bó bá sì jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé mì dípò omi, ó lè má rí i tú jáde mọ́. Èmi ò ní fún irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ní kọ́bọ̀.

Ìgbà tí kò bá wú ló yẹ ká wo ikùn. Bó bá jẹun yó, ó yẹ kó rí róbótó fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ń jẹun tí ikùn sì wọnú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rù, aràn ló ń bá a jẹun, ìyẹn kò sì ṣọ̀wọ́n lára èyí tí wọ́n mú láti inú odò. Bí ikùn tó yẹ kó mọ́ bá dúdú, ara kò rọ̀ ọ́ tàbí omi kò dára. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò tẹ̀ lé e. Fahaka tí ara rẹ̀ dá máa ń yí ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á máa tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn kọjá.

Gígùn nìkan ló kù fún ẹni tó ń wá ọjọ́ orí, òun náà kò ṣeé gbọ́kàn lé. Fahaka lè tó sẹ̀ǹtímítà 43, ó sì ń yára dàgbà ní kékeré kó tó wá rọra. Ṣùgbọ́n táǹkì kóńkó àti omi ìdọ̀tí lè dá a dúró kó rí bí ọmọdé. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ wá rà ni pé kí wọ́n ra èyí tó ṣì kéré bí àtàǹpàkò, kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sí ara gíláàsì, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò ohun tó ń fún un jẹ. Èyí tó ti gùn tó ẹsẹ̀ àgbà kí wọ́n tó gbé e délé, ọjọ́ tó dé ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n fi àyè ọdún tó ti lò sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.