Alárinà Abẹ́ Ọkọ̀: Ìtàn Kátálíìsì láti 1823 dé Pópó Yemọja

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn Micra tó ń kó èrò ní Pópó Yemọja, Màpó àti Bẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lókè òkun, wọ́n fi kátálíìsì sí ojú ọ̀nà sàlẹ́ńsà rẹ̀ kó lè máa fọ èéfín. Alárinà ni kátálíìsì: ó mú ọkọ pàdé ìyàwó, òun fúnra rẹ̀ kò sì bá wọn gbélé. Wàhálà tó pọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀ ni bí mẹ́táàlì yóò ṣe dúró sójú kan.

Ní 1823, ní ìlú Jena ní Jámánì, Döbereiner rí i pé bí háídírójìn bá fẹ́ lu platinum tó rí bíi kànìnkànìn nínú afẹ́fẹ́, iná yóò ràn. Ó fi ṣe àtùpà. Ní 1835, Berzelius ará Sweden fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ tí a ń pè é títí dòní.

Ọkọ̀ 1975 ni kátálíìsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lẹ platinum wẹ́wẹ́, tí ojú lásán kò lè rí, mọ́ àlúmínà tó bo amọ̀ sísun oníhò bí afárá oyin. Ara ìta mẹ́táàlì ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà, bó bá ṣe wẹ́ tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó. Àmọ́ ó ní ọ̀tá méjì. Àkọ́kọ́ ni òjé inú epo bẹntiróòlù, tó máa ń bo mẹ́táàlì náà. Lẹ́yìn ìpàdé Dakar ní Oṣù Kẹfà 2001, gúúsù Sàhárà bọ́ lọ́wọ́ epo olójé ní Oṣù Kìn-ín-ní 2006. Èkejì ni ooru: mẹ́táàlì wẹ́wẹ́ á máa rìn, wọ́n á para pọ̀ bí ẹ̀kán epo lójú ọbẹ̀, iṣẹ́ á sì dínkù.

Ní 1978, Tauster àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Exxon gbé platinum àtàwọn ìbátan rẹ̀ lé títéníà, wọ́n sì fi háídírójìn yan án dé 500°C. Ìdè náà le débi pé mẹ́táàlì kò gba háídírójìn mọ́. Ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà fi hàn pé títéníà ti rá gorí rẹ̀. Alárinà tí a bò lẹ́nu kò lè ṣètò ìgbéyàwó.

Ní 2002, àwọn ará Daihatsu ní Japan fi palládíọ̀mù sínú òkúta perovskite. Bí èéfín bá ti ń yí padà, ó ń wọlé, ó ń jáde, kò sì para pọ̀. Ní 2015, Neagu, Irvine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní St Andrews, Scotland, ṣàlàyé bí níkẹ́ẹ̀lì tí a ti pò mọ́ perovskite láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ń hù jáde bí a bá yan án. Ìdí rẹ̀ rì sínú òkúta bí ìrù ọkọ́ ṣe ń wọnú ẹ̀rúkọ́, orí rẹ̀ sì wà lóde fún iṣẹ́. Ooru kò tètè ṣí i nípò, èédú kò sì rọrùn láti hù lábẹ́ rẹ̀ kó gbé e kúrò.

Ṣùgbọ́n ní 2020, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba Netherlands kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé wọ́n ti gé kátálíìsì kúrò lábẹ́ àwọn ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ wá sí Áfíríkà, nítorí owó platinum inú rẹ̀. Lọ́dún kan náà, ECOWAS fọwọ́ sí òṣùwọ̀n Euro 4 fún ọkọ̀ tó ń wọlé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rúndún méjì ni wọ́n fi wá bí mẹ́táàlì yóò ṣe dúró lórí ìjókòó rẹ̀. Bí a kò bá yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò ní ibodè, ayùn lásán yóò fòpin sí gbogbo ìyẹn kí ọkọ̀ náà tó dé Pópó Yemọja.