Kòkó àti Owó Ọkọ̀: Bí Àwọn Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó Ṣe Ń Yan Àkókò Ìrìnàjò sí Òkè-Òkun

Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, iye àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí ń lọ sí ìlú Ọba láti kẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, kòkó ni ó sì ń pinnu ìgbà tí ọ̀pọ̀ òbí lè san owó ọkọ̀ wọn. Ìkórè kòkó pín sí méjì lágbègbè yìí: ìkórè ńlá, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá tí ó sì ń parí nínú oṣù kìíní, àti ìkórè kékeré, tí ó máa ń wáyé láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Àgbẹ̀ tí ó bá fọ́ kòkó rẹ̀ yóò kó èso inú rẹ̀ jọ, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí omi ara rẹ̀ lè ro dànù, yóò sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kí ó tó gbé e dé orí ìwọ̀n. Oòrùn ìgbà ọyẹ́ ni iṣẹ́ yìí fẹ́ràn jù, nítorí náà láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni owó máa ń wà lọ́wọ́ olóko. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá fi dé, gbèsè, ìgbéyàwó àti páànù ilé ti gba owó náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé.

Àlàfo oṣù tí ó wà láàrin owó àti ìrìnàjò yìí ni gbogbo ọgbọ́n ìgbà náà wà fún. Àwọn kan ń dá àjọ, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ alájọ títí ọjọ́ ìkójọ yóò fi pé. Àwọn mìíràn ń fi oko dógò: ẹni tí ó yá wọn lówó yóò gba oko kòkó náà, yóò máa kórè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èlé, ojú owó tí a yá kò sì ní dín kù títí olóko yóò fi rí gbogbo rẹ̀ san. Ọ̀nà líle ni èyí, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ka ìtàn àwọn agbẹjọ́rò àti dókítà ìran náà rántí àwọn ìyá àti bàbá tí ẹlòmíràn ń kórè oko wọn nígbà tí ọmọ wọn wà lórí òkun.

Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀. Àwọn ọkọ̀ lẹ́tà, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n ń kó lẹ́tà pọ̀ mọ́ èrò, jẹ́ mẹ́ta: Accra, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, Apapa ní 1948, àti Aureol ní 1951. Èbúté Èkó ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n ń yà ní Takoradi, Freetown àti Las Palmas, wọ́n sì ń gúnlẹ̀ sí Liverpool lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ọkọ̀ ń gbéra, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdánù ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án lè bá kíláàsì lórí ìrìn. Ìdí tí a fi ń tètè sanwó nìyẹn: ibùsùn inú ọkọ̀ kò pọ̀, àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń lọ ìsinmi sì wà lára àwọn tí ń du ú.

Oko kòkó nìkan kọ́ ni owó ti wá. Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò olókìkí tí a bí ní Oǹdó ní 1938, lọ sí London ní 1961 láti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, òwò gẹdú sì ni bàbá rẹ̀, Saheed Fawehinmi, Sẹ́ríkí Mùsùlùmí Oǹdó, fi lówó. Ikú bàbá náà ní 1963 dá owó ilé dúró, ọmọ sì ní láti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kó tó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé owó ọkọ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán nínú ẹrù tí ìdílé gbé.

Ọkọ̀ òfuurufú wá dín ọ̀nà kù. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1958; ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1964, Èkó ni ọkọ̀ òfuurufú VC10 ti BOAC, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ kó èrò wá láti London, ọjọ́ mẹ́tàlá orí òkun sì di wákàtí díẹ̀. Ní 1974, Aureol náà fi ọ̀nà yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fohùn ṣọ̀kan lórí iye tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà, nítorí náà ẹni tí ó rà á ní oṣù kejì kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè ju ẹni tí ó rà á ní oṣù keje lọ. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976 tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú, ẹgbẹ́ ńlá àwọn olówó oṣù dìde níbẹ̀, àwọn ènìyàn tí ìkórè kò so ọjọ́ wọn mọ́lẹ̀. Náírà lágbára ju dọ́là lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àwọn ọmọ iléèwé sì bọ́ sí àkókò ooru ilẹ̀ Yúróòpù, ìyẹn oṣù keje àti ìkẹjọ, nítorí náà àkókò yẹn ni àwọn olówó oṣù ń yàn láti rìnrìnàjò.

Ọdún 1986 ni gbogbo èyí dàrú. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n ti ń wọlé láìgba físà tẹ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ máa gbà á kí wọ́n tó gbéra. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun bẹ̀rẹ̀, náírà sì já wálẹ̀ láti nǹkan bí náírà kan ààbọ̀ sí dọ́là kan sí ju mẹ́rin lọ. Olówó oṣù ni ọ̀ràn náà dùn jù. Fún olóko, ọ̀tọ̀ ni, nítorí pé ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba tú àwọn àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, owó tí kòkó ń mú wọlé ní náírà sì fò sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdílé tí ó ṣì ní oko ní Oǹdó fi lè rán ọmọ lọ nígbà tí akọ̀wé Àkúrẹ́ kò lè gbìyànjú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì di ara ohun tí ń pinnu iye rẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó tú iye owó ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1978, àwọn ilé-iṣẹ́ sì kọ́ bí a ti ń pín àyè inú ọkọ̀ kan náà sí ìsọ̀rí, tí wọ́n ń kọ́kọ́ ta èyí tí ó rọ̀ jù, tí iye sì ń gòkè bí àwọn yẹn bá ti ń tán. Ní Nàìjíríà, ó ju ìyẹn lọ. Ní 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè kò rí owó tí wọ́n pa kó jáde ní dọ́là, wọ́n mú ìsọ̀rí tí ó rọ̀ kúrò, ilé-iṣẹ́ Emirates sì dáwọ́ fífò sí Nàìjíríà dúró ní ọdún náà. Ní oṣù kẹfà 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní ọjà, iye tíkẹ́ẹ̀tì sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Kò tọ́ kí a máa pe ará Àkúrẹ́ tí ó pẹ́ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní aláìnírònú nígbà tí ó jẹ́ pé físà ni ó ń dúró dè, kí owó rẹ̀ má bàa wọ inú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kò ní dá padà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2024, Air Peace, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí London, ìdíje náà sì mú kí iye tíkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà ni iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí, tí olóko tí ó ní ẹrù nílẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà sì fi lè ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kẹjọ pẹ̀lú owó tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.