Láti Òkè Ààbò dé Òkè Ìgbafẹ́

Ogun ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn baba wa ní òkè gígùn. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn gun àpáta fún ìgbádùn, abiyamọ ti pọn ọmọ gùn ún lóru pẹ̀lú ẹrù lórí, nítorí pé ọ̀tá kò lè tètè bá a débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti Abẹ́òkúta títí dé ilẹ̀ olókè tó wà láàárín Benin, níbi tí Savalou àti Bantè wà.

Àwọn àpáta náà ti wà kí ogun tó dé. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ ru sókè láti inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé òde. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti tutù, ló ti di gíránáìtì. Òjò àti oòrùn wá ń bó ilẹ̀ orí rẹ̀ títí ó fi yọrí. Ní erékùṣù Santorini ní ilẹ̀ Gíríìsì, iná ilẹ̀ bú jáde ní tirẹ̀. Nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, ó da eérú bo ìlú Akrotiri mọ́lẹ̀, apá kan erékùṣù náà sì rì sínú òkun. Ní 1956 ilẹ̀ ibẹ̀ tún mì tìtì, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kó lọ. Ní 1967, awalẹ̀pìtàn Spyridon Marinatos bẹ̀rẹ̀ sí í wú Akrotiri jáde, ó bá ilé alájà àti àwòrán ara ògiri níbẹ̀. Lónìí àlejò ń fẹsẹ̀ rin nǹkan bí kìlómítà 10 láti Fira dé Oia, létí ọ̀gbun tí iná náà gbẹ́. Ẹwà òkúta nìkan kọ́ ló fà wọ́n wá. Ìtàn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ẹnìkan sì ń tọ́jú ọ̀nà fún wọn.

Ní Nàìjíríà, wọ́n ti mọ̀ pé ìtàn àti ọ̀nà tí a tọ́jú ló ń fa àlejò wá. Abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Ìjọba Dàhòmì kọlù wọ́n ní 1851 àti 1864, ìlú kò ṣubú. Àpáta náà ti wá ní àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè. Orí òkè gan-an ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600.

Ṣùgbọ́n Ìdáàṣà ní Benin, tí àwọn Faransé ń kọ ní Dassa-Zoumé, ló wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pè é. Ìtàn ìdílé ọba Ọmọ Jagun sọ pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Jagun Olófin ti wá. A jẹ́ pé ìbátan ni àwọn tó sá sábẹ́ òkúta ní ìhà méjèèjì, Dàhòmì kan náà ló sì kọlù wọ́n. Nígbà tí Béhanzin, ọba Dàhòmì, fi ara rẹ̀ lé Faransé lọ́wọ́ ní 1894, sísá lọ sórí òkè dópin. Kí ni yóò tún gbé èèyàn gun àpáta?

Ẹ̀sìn ni. Ní 1954, lásìkò Bíṣọ́ọ̀bù Louis Parisot, ìjọ Kátólíìkì bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò mímọ́ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà. Láti ìgbà náà, gbogbo Oṣù Kẹjọ ni èrò ń ya bo ìlú náà. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ìlú òmíràn, wọn a tẹ́ ẹní sílẹ̀ níta gbangba, wọn a sùn. Àpáta tí a ń sá lọ bá di àpáta tí a ń rìn lọ bá tayọ̀tayọ̀, láàárín ọgọ́ta ọdún péré! Mi ò mọ ibòmíràn nílẹ̀ wa tí ìyípadà yìí ti hàn tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹjọ yìí kan náà, ní ọjọ́ 15, ni àwọn ará Savalou, ìlú ọba Gbaguidi, ń ṣe ọdún iṣu tuntun. Bí èèyàn bá sì jáde ní Savalou lọ sí ọ̀nà Bantè, yóò kan Dankoli, òkìtì ojúbọ kan. Ibi tó yẹ kí arìnrìn-àjò dúró sí ni. Èèkàn igi kéékèèké ni a kàn mọ́ òkìtì náà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, epo pupa ti gbẹ lára wọn títí ó fi dúdú, ìyẹ́ adìẹ sì lẹ̀ mọ́ epo. Ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ á kan èèkàn tirẹ̀, á da epo lé e, á fẹ́ ọtí sodabì sí i, á sọ ohun tó ń fẹ́. Bó bá rí i gbà, dandan ni kó padà wá dúpẹ́.

Iwájú sí i ni ilẹ̀ àwọn Ìṣà. Lougba jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè 9 tó para pọ̀ di Bantè. Ọmọ Yorùbá tó bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹbí lòun wà. Ọ̀nà oko iṣu àti ti kajú ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀dẹ àti àgbẹ̀ ló sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan já sí. Láti 2003 ni àwọn ìlú Benin ti ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n fúnra wọn dìbò yàn. Kí ìgbìmọ̀ Savalou àti ti Bantè fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí ọ̀nà ẹsẹ̀ láti Dankoli dé Lougba, kí wọ́n sì máa sanwó fún ọ̀dẹ tó bá mú àlejò rìn ín. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí koríko ti gbẹ. Tó bá di Oṣù Kẹjọ, èrò Ìdáàṣà àti ti ọdún iṣu ti wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò júwe ọ̀nà Lougba fún wọn ló kù.