Ìdí Igi Kì í Gbé Abẹ́ Ilẹ̀

Ní ọdún 1662, igi tó dára fún kíkan ọkọ̀ ojú omi ti ń wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ogun ọba wá kọ̀wé sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà náà, láti bèèrè ohun tí wọn yóò ṣe kí igi má baà tán. John Evelyn wà lára àwọn tó fèsì, èsì náà ló sì di ìwé Sylva ní 1664. Ó kìlọ̀ nínú rẹ̀ pé ẹni tó bá ń ṣí igi nípò kò gbọdọ̀ rì í wọlẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní àrìjù a máa pa igi, àwọn ènìyàn kì í sì í sábà fura sí i.

Òótọ́ ló sọ. Gbòǹgbò ń mí, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ ló sì ń lò. Bí erùpẹ̀ bá ga jù lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní tó o. Èèpo ìdí igi pàápàá kì í ṣe ti abẹ́ ilẹ̀: bí ọ̀rinrin bá ń bá a gbé, yóò jẹrà. Igi bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí wá. Ta ni yóò tún rántí ẹni tó gbìn ín?

Evelyn kò fi mọ síbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa igi tí a fi ń ti ọmọ igi kí atẹ́gùn má baà gbé e ṣubú, àti bí a ṣe lè gbà á lọ́wọ́ màlúù. Kò ronú kan ọba ṣá o. Ní 1698, Peter, ọba Rọ́ṣíà, wọ̀ sí ilé rẹ̀ ní Deptford, ọgbà náà sì bàjẹ́ débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní láti san owó gbà-máà-bínú.

Ọgbẹ́ ara igi ló wá dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Ní 1791, William Forsyth, olùtọ́jú ọgbà ọba George Kẹta, gbé oògùn kan jáde: ìgbẹ́ màlúù, ẹfun ara ògiri àtijọ́, eérú àti iyanrìn odò. Ó ní bí wọ́n bá fi lẹ ojú ọgbẹ́, igi yóò san. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún un ní 1,500 pọ́n-ùn. Ìgbẹ́ màlúù kò níyì tó bẹ́ẹ̀ rí! Thomas Andrew Knight, tó mọ iṣẹ́ igi eléso dáadáa, ta kò ó gidigidi, síbẹ̀ àṣà kíkun ọgbẹ́ igi ní nǹkan kò parẹ́.

Alex Shigo ló fi ojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igi. Ó wọ iṣẹ́ àjọ igbó ìjọba Amẹ́ríkà ní 1959. Dípò kó máa gé igi ní ìbú nìkan, ó fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì là á láti òkè délẹ̀. Ó la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi. Ó rí i pé igi kì í wo ọgbẹ́ san: ṣe ló ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká, tí igi tuntun yóò sì hù bò ó. Ọ̀dà kì í dá ìjẹrà dúró. Inú èèpo sì ni oúnjẹ láti ara ewé ń gbà dé gbòǹgbò; bí wọ́n bá bó èèpo yí igi ká, ebi ni yóò pa gbòǹgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọmọ máńgòrò inú ọ̀rá dúdú, ẹ tú ọ̀rá náà, ẹ fi ọwọ́ wá ibi tí ìdí igi ti fẹ̀ di gbòǹgbò, nítorí erùpẹ̀ inú ọ̀rá lè ti bò ó. Ẹ jẹ́ kó hàn lókè ilẹ̀, kí ẹ sì ṣe ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà bó èèpo rẹ̀ jẹ.