Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Oríṣiríṣi Ìwé Tí Ó Wà Nínú Àwọn Ilé Ìpamọ́ Ìwé Tí Ó Ṣí Sílẹ̀ fún Ìwádìí

Ìfáàrà

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí ìtàn Yorùbá pé àìrí ìwé kà ni ó ń dá àwọn dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán mọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn ní láti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Párísì tẹ́lẹ̀ ni ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣòro tí ó kù ni pé ohun tí ènìyàn máa ń bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe irú kan náà. Ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ wà níbẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀, ìwé ìrìnàjò àti àkójọ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1850 ṣe àpẹẹrẹ. Ohun méjì ni a fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé kò sí irú ìwé kan nínú wọn tí ó tó fún ìtàn náà. Èkejì ni pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá délẹ̀ ni ó lè tú wọn palẹ̀ bí ó ti yẹ.

Orúkọ tí a fi ń wá wọn

Bí ènìyàn bá kọ ‘Yorùbá’ nìkan láti fi wá àwọn ìwé wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn kò ní jáde. Ìdí ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, orúkọ yìí kò tíì kárí gbogbo wa. Akú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Sàró, nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bràsíìlì, Lucumí sì ni ní Kúbà. Orúkọ ìlú pàápàá yí padà. Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ṣùgbọ́n Katunga, tí í ṣe orúkọ tí àwọn Haúsá fún ìlú náà, ni ó pè é nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1829. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan kọ Ìjẹ̀bú ní Jaboo, Faransé kan sì kọ ọ́ ní Yébou. Nítorí náà, kí a tó sọ pé ìwé kò sí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè irú etí tí ó gbọ́ orúkọ náà, àti irú ọwọ́ tí ó kọ ọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ àti orúkọ

Àkójọ tí a mọ̀ sí SlaveVoyages ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2008. Ìrìnàjò ọkọ̀ ẹrú tí ó ju 36,000 lọ ni ó wà nínú rẹ̀. A lè rí orúkọ ọkọ̀, èbúté tí ó ti gbéra, iye ènìyàn tí wọ́n kó sínú rẹ̀ àti iye tí ó gúnlẹ̀ láàyè. Àkójọ mìíràn tí ó bá a tan ni ti orúkọ 91,491 ènìyàn, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a mú lójú òkun, tí akọ̀wé sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Freetown tàbí Havana. Orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: ìwọ̀nba ohun tí akọ̀wé bèèrè nìyẹn.

Ìwé yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ó ka àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ojú wọn rí.

Lẹ́tà àti ìwé ìrántí

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọkùnrin kan nínú wọn. Ní 1821 ni ogun kó Àjàyí ní Òṣoògùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822 ni wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan, Esperança Felix, ní Èkó. Ní ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú wọn, ó sì dé Freetown ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà. Bí ó bá jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni a ní, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Àjàyí ìbá parí sí.

Ṣùgbọ́n Àjàyí, tí ó ti di Samuel Crowther, kọ lẹ́tà kan ní 1837. Nínú rẹ̀ ni a ti kà pé wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Ibẹ̀ náà ni a ti kà pé nígbà tí ẹ̀rù bà á pé wọn yóò ta òun fún àwọn Pọtogí, ó gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa lóru, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Kò sí àyè tí akọ̀wé lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé tirẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ tún sọ fún wa bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

A gbọ́dọ̀ rántí, síbẹ̀, pé ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ni Crowther kọ lẹ́tà náà sí. Ohun tí ẹni tí a ń kọ̀wé sí ń fẹ́ gbọ́ a máa ní ipa lórí ohun tí a ń kọ. Lẹ́tà náà kò sì lè ṣojú fún àwọn tí wọn kò mọ̀ ọ́n kọ.

Àkójọ ọ̀rọ̀ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Àwọn tí kò kọ̀wé fúnra wọn kò dákẹ́ tán. Koelle, ọmọ Jámánì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fún C.M.S. ní Freetown, tẹ Polyglotta Africana jáde ní 1854. Ìwé èdè ni, ọ̀rọ̀ sì ni ó kójọ láti ẹnu àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Yàgbà, Oǹdó àti ẹ̀ka èdè mìíràn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn lè fojú fò ó dá, nítorí pé àkójọ ọ̀rọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni Koelle sọ díẹ̀ nípa ìgbésí ayé àwọn tí ó bi léèrè, ibi tí wọ́n ti wá àti bí wọ́n ṣe dé Sàró.

Ní Párísì, d'Avezac fọ̀rọ̀ wá ọmọ Ìjẹ̀bú kan lẹ́nu wò, ẹni tí a mú lẹ́rú ní 1820 tí wọ́n sì gbé lọ sí Bràsíìlì. Ó tẹ ohun tí ó gbọ́ jáde ní 1845. Osifekunde ni àwọn òpìtàn ń kọ orúkọ ọkùnrin náà lónìí, láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ èdè. Kí ni ó wà nínú orúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú yìí? Ṣé ẹkún tí à ń sun ni, tàbí ẹkùn inú igbó, tàbí ẹ̀kún tí ó túmọ̀ sí kíkún? Ohùn ni yóò pinnu, ohùn náà sì ni akọ̀wé kò gbọ́. Bí ó ṣe rí fún orúkọ kan yìí ni ó rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ inú ìwé Freetown. Orúkọ àmútọ̀runwá bí Àìná, Ìgè àti Òjó kò lè ṣòro fún wa láti dá mọ̀; àwọn orúkọ tí Ifá tàbí Ògún bẹ̀rẹ̀ sì lè tọ́ka sí ẹ̀sìn ìdílé. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè rí èyíkéyìí nínú rẹ̀.

A dábàá pé kí olùkọ́ mú ogún orúkọ láti inú àkójọ náà wọ kíláàsì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì ohùn sí wọn, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe gbogbo orúkọ tí ó bá dún bíi tiwa ni ó jẹ́ tiwa. Nupe, Haúsá àti Ẹ̀gùn lè wà nínú ọkọ̀ kan náà. A gbọ́dọ̀ wo èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra, kí a sì wo orúkọ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí a tó dájọ́.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìwé àkọsílẹ̀ ń fún wa ní iye, lẹ́tà ń sọ bí ó ṣe dun ènìyàn, àkójọ ọ̀rọ̀ sì ń pa ohùn àwọn tí kò kọ̀wé mọ́. Ọ̀nà kan kò wọjà. Bí a bá gba ọ̀kan ṣoṣo, a ó ṣìnà. Àwọn ilé ìpamọ́ ìwé ti ṣílẹ̀kùn. Bí àwa tí a ni èdè kò bá wọlé, àwọn ẹlòmíràn yóò máa da orúkọ àwọn baba ńlá wa kọ bí akọ̀wé ṣe ṣì í kọ, yóò sì pẹ́ kí a tó rí i tún ṣe.