Iyọ̀, Irà àti Odi: Àgbéyẹ̀wò Ìlú Aigues-Mortes àti Agbègbè Rẹ̀ ní Gúúsù Ilẹ̀ Faransé

Bí a bá bi ẹni tó ti dé gúúsù ilẹ̀ Faransé léèrè ohun tó mọ̀ nípa Aigues-Mortes, odi ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Kò jẹ̀bi. Odi òkúta náà gùn ju 1,600 mítà lọ, ó yí ìlú ká láìsí ibi tó ti já, ó sì ti lé ní 700 ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ìlú kékeré ni. Àwọn olùgbé rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 8,000, agbègbè ìjọba Gard ló sì wà, ní etí ìwọ̀-oòrùn Camargue, ilẹ̀ irà àti ọ̀sà tí odò Rhône kó jọ kó tó ya sínú òkun Mẹditaréníà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọba tó tẹ̀ ẹ́ dó. Èrò tèmi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àárín ìtàn ni irú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ọba tó dé, iyọ̀ ló bọ́ ìlú nígbà tí èbúté kú, iyọ̀ ló sì fa ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1893, èyí tí àwọn ará ìlú kò fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn mọ́ńkì ilé Psalmody ló ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nítòsí wọn ni Peccais wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí oòrùn fa omi òkun gbẹ kí wọ́n lè kó iyọ̀ rẹ̀. Ní 1240, Ọba Louis Kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn mọ́ńkì náà dúnàá-dúrà, ó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó sún un dé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó rí bí a bá wo bí etíkun ṣe pín nígbà náà. Ọwọ́ àwọn olóyè Provence ni Marseille wà, ọwọ́ ọba Aragon sì ni Montpellier wà. Ọba Faransé fẹ́ẹ́ kó ogun gba orí òkun lọ sí Ìlà-Oòrùn, kò sì ní èbúté kan tó lè pè ní tirẹ̀ ní etíkun yẹn. Irà tó kún fún ẹ̀fọn ló kù fún un. Ta ni yóò fẹ́ẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ máa gbé irú ibẹ̀? Ọba mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi fún àwọn tó bá wá tẹ̀dó ní ìwé àṣẹ ní 1246, tó dá wọn sí nínú ọ̀pọ̀ owó orí àti owó ibodè. Ó kọ́ ilé-ìṣọ́ ńlá kan pẹ̀lú, Tour de Constance. Ògiri rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí mítà 6.

Láti ibẹ̀ ni Louis ti wọ ọkọ̀ lọ sí ogun àgbélébùú ní oṣù Kẹjọ 1248, ibẹ̀ náà ló tún ti gbéra ní 1270. Kò padà wálé ní ìgbà kejì yìí: ó kú lẹ́bàá Tunis ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ìjọ Àgùdà sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 1297, ère rẹ̀ sì wà ní gbàgede àárín ìlú títí dòní. Ọ̀pọ̀ àlejò ló gbà pé òkun ń lu ẹsẹ̀ odi nígbà ayé ọba, pé ńṣe ló fà sẹ́yìn lẹ́yìn náà. Àgbọ́sọ lásán ni. Òkun kò fìgbà kan dé ẹsẹ̀ odi náà. Ọ̀sà àti ojú omi tí wọ́n là ni ọkọ̀ ń gbà jáde. Lónìí, nǹkan bí kìlómítà 6 ló wà láàárín ìlú àti Le Grau-du-Roi, ìlú apẹja tó wà létí òkun, tó jẹ́ ara Aigues-Mortes kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ ní 1879.

Odi gan-an kì í ṣe iṣẹ́ Louis. Ọmọ rẹ̀, Philip Kẹta, ló bá Guglielmo Boccanegra, ará Genoa, ṣàdéhùn lé e lórí ní 1272. Boccanegra kú láàárín ọdún díẹ̀, iṣẹ́ sì ń bá a lọ títí di nǹkan bí òpin ọ̀rúndún náà. Bí ènìyàn bá rìn yí odi náà ká, yóò rí i pé ẹnubodè márùn-ún ló kọjú sí gúúsù, síhà ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Oníṣòwò ló ya àwòrán yìí, kì í ṣe jagunjagun nìkan.

Ṣùgbọ́n iyanrìn kò gbọ́ràn sí ọba lẹ́nu. Rhône ń kó ẹrẹ̀ wá lọ́dọọdún, ojú omi ń dí, wọ́n ń là á, ó tún ń dí. Nígbà tí Provence di ti ọba Faransé ní 1481, tí Marseille sì bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sí ìdí mọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa náwó sórí èbúté inú ẹrẹ̀. Àlàyé mi lórí bí odi náà ṣe wà láìwó kò wuyì létí: ìlú kò lówó, kò sì gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú tó lówó ní Yúróòpù ló wó odi wọn kí wọ́n lè rí ilẹ̀ kọ́lé. Aigues-Mortes kò ní ohun tó fẹ́ẹ́ fi àyè ṣe.

Iyọ̀ Peccais ni kò kú. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé e gba Rhône lọ sókè, títí dé Lyon àti kọjá ibẹ̀, ìjọba sì ń gba owó orí tó wúwo lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní gabelle. Kódà nínú ìtàn ogun ìlú náà, a ń bá iyọ̀ pàdé. Wọ́n ní ní 1421, nígbà tí wọ́n pa àwọn ọmọ ogun Burgundy tó wà nínú ìlú, òkú pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè sin kíá lọ, wọ́n sì kó wọn jọ sínú ilé-ìṣọ́ kan, wọ́n da iyọ̀ bò wọ́n kí wọ́n má baà rà. Ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu ni, ṣùgbọ́n Ilé-ìṣọ́ Burgundy ni wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n Tour de Constance kò tan mọ́ iyọ̀, irà ló bá tan. Ibi tó tutù, tó jìnnà, tí ibà ń jà, dára fún ẹni tí ìjọba fẹ́ẹ́ gbàgbé. Wọ́n ti àwọn jagunjagun Templar mọ́ ibẹ̀ ní 1307. Lẹ́yìn tí Louis Kẹrìnlá fagi lé òmìnira àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní 1685, àwọn ni wọ́n wá kún inú rẹ̀. Ní 1705, Abraham Mazel àti àwọn 16 mìíràn gba ojú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri sá lọ. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń kó síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Marie Durand wọlé ní 1730, kò tíì pé ọmọ 20 ọdún. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ oníwàásù. Wọ́n so ẹ̀gbọ́n náà kọ́ ní Montpellier ní 1732. Ọdún 38 ni Marie lò níbẹ̀, tó ń kọ lẹ́tà fún àwọn onígbàgbọ́ láti tọrọ oúnjẹ àti aṣọ fún ara rẹ̀ àti àwọn tó kù. Bí ó bá gbà láti sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni wọn ì bá dá a sílẹ̀. Ní 1768 ni wọ́n tó jẹ́ kí ó máa lọ. Lára òkúta tó yí ojú ihò àárín ilẹ̀ yàrá tí wọ́n há wọn mọ́ ká, a ṣì lè ka REGISTER, bí ẹni tó gbẹ́ ẹ síbẹ̀ ṣe kọ ọ̀rọ̀ Faransé tó ń pàṣẹ pé kí ènìyàn má juwọ́ sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Salins du Midi dé ní 1856, ó sì sọ iyọ̀ di iṣẹ́ ńlá. Kíkó iyọ̀ jọ ní òpin ìgbà ooru ń fẹ́ ọgọ́ọ̀rọ̀ apá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré: wọ́n ń fọ́ iyọ̀ tó dì, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tì í, wọ́n sì ń kó o jọ bí òkè, nínú oòrùn, pẹ̀lú iyọ̀ tó ń jẹ ọgbẹ́ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ láti orí òkè Ardèche ń wá, àwọn ará Piedmont láti Ítálì ń wá, àwọn aláìníṣẹ́ tó ń rìn kiri ojú pópó náà sì ń wá. Iye ẹrù tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá kó ni wọ́n fi ń sanwó. Ní ọdún 1893 tí iṣẹ́ wọ́n níbi gbogbo, wọ́n pa ará Faransé àti ará Ítálì pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ń sáré, ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí ń fà á sẹ́yìn, owó gbogbo wọn sì so pọ̀. Ìjà kò lè má bẹ́.

Ó bẹ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, lórí ọ̀ràn omi mímu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn èké ti gba ìlú kan pé àwọn ará Ítálì ti pa ọmọ ìlú. Èrò tú jáde. Àwọn ará Ítálì kan sá wọ ilé búrẹ́dì kan, èrò sì dó ti ilé náà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn jandarmu tí wọn kò tó nǹkan ń sin àwọn òṣìṣẹ́ náà bọ̀ láti oko iyọ̀ kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ojú ọ̀nà ni èrò ti kọ lù wọ́n pẹ̀lú igi, òkúta àti ìbọn. Ẹni 8 ni ìjọba kọ sílẹ̀ pé ó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì tó 50. Ìwé ìròyìn Ítálì kan pe iye òkú náà ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ìyẹn, àwọn ènìyàn sì ya sí ìgboro Róòmù láti fẹ̀hónú hàn. Ní oṣù Kejìlá, ilé ẹjọ́ ní Angoulême dá gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Òpìtàn Gérard Noiriel kọ ìwé kan lórí ọ̀ràn náà ní 2010, ó sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lu àlejò pé wọn kì í ṣe ọmọ Faransé kò ní ilé, kò ní ọ̀nà fúnra wọn: orílẹ̀-èdè nìkan ni ohun tí wọ́n ní tí ẹni tí wọ́n ń lù kò ní. Mo gba àlàyé yìí, àmọ́ mo rò pé ètò ìsanwó ilé-iṣẹ́ náà jẹ̀bi ju bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ lọ.

Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń kó iyọ̀ tábìlì, tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ La Baleine. Èyí tó léfòó sójú omi nìkan ni wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ kó. Láti inú ògbun kan sí òmíràn ni omi òkun ń lọ, oòrùn àti afẹ́fẹ́ mistral ń fà á gbẹ, láti nǹkan bíi gíráàmù 38 iyọ̀ nínú lítà kan títí yóò fi tó 260, tí yóò sì dì. Omi náà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nítorí Dunaliella salina, ohun ọ̀gbìn inú omi tí ojú lásán kò lè rí. Edé kéékèèké ń jẹ ẹ́, ẹyẹ flamingo ń jẹ edé, ìyẹ́ ẹyẹ náà sì ń gba àwọ̀ rẹ̀.

Ní ìhà àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ìlú, àjàrà ló wà. Nígbà tí kòkòrò phylloxera ń run oko àjàrà Faransé ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, wọ́n rí i pé kò lè rìn nínú iyanrìn. Ilé-iṣẹ́ iyọ̀ fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gbin àjàrà káàkiri ilẹ̀ iyanrìn náà. Omi dídùn díẹ̀ tó léfòó sórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń mu. Bí òkun ṣe ń jẹ etíkun Camargue wọlé, omi dídùn yìí ń tín-ín-rín, iyọ̀ sì ń gòkè sí gbòǹgbò. Nígbà òtútù, àwọn àgbẹ̀ kan a máa fi omi Rhône bo oko wọn mọ́lẹ̀ kí iyọ̀ lè padà sísàlẹ̀. Ní gúúsù ìlú kan náà, ilé-iṣẹ́ iyọ̀ ń fa omi òkun wọlé ní gbogbo ìgbà ooru, ó sì ń to òkúta sí etíkun kí òkun má baà bá ọ̀nà mìíràn wọ inú ògbun rẹ̀.