Àṣàrò: Bó ṣe ń ran ẹni tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró lọ́wọ́

Ẹni tó bá ti fi igbó, tramadol, kodíìnì tàbí ọtí sílẹ̀ rí mọ̀ pé àtijáwọ́ le, ṣùgbọ́n kéèyàn má padà síbẹ̀ ló le jù. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tó jáde lórúkọ ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn.

Kí ni àṣàrò?

Kì í ṣe awo, kò sì ní kí Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jókòó síbi tó pa rọ́rọ́, kẹ́ ẹ fọkàn sí èémí yín bó ṣe ń wọlé, tó ń jáde. Bí ọkàn bá sáré lọ síbòmíràn, ẹ rọra dá a padà. Ìṣẹ́jú 5 tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nígbà Ojúde Ọba tàbí lóde àríyá, òórùn ọtí nìkan lè mú kí ara tún máa béèrè. Òùngbẹ yìí dà bí ìgbì omi: á ru sókè, á sì rọlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Marlatt ti Yunifásítì Washington l'Amẹ́ríkà kọ́ni pé kéèyàn má bá a jà, kó má sì tẹ̀lé e. Kó kàn máa wò ó títí á fi kọjá. Ìwádìí tí Sarah Bowen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí èèyàn 286, tó jáde lọ́dún 2014, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 12, ọjọ́ táwọn tó kọ́ àṣàrò fi lo oògùn olóró kéré sí tàwọn tó gba ìtọ́jú mìíràn.

Ṣé àṣàrò nìkan tó?

Rárá o. Ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára, tó dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ẹni tó ti fi tramadol sílẹ̀, tó wá padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, lè kú pẹ̀lú, torí ara rẹ̀ kò lè gbé e mọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Abẹ́òkúta, ń tọ́jú irú wọn. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1954, tí aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ fi ń gbé láwọn abúlé tó wà nítòsí nígbà ìtọ́jú. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí náà, ẹ fún un láyè ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé. Bó bá sì tún ṣubú, ẹ má bú u; ẹ mú un padà lọ síbi ìtọ́jú.